Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń dúró ti ọmọ tí òbí ẹ̀ kú, ibo ni kí n gbà?

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, torí ọ̀rọ̀ wọn tan mọ́ra. Ti àkọ́kọ́ gùn díẹ̀, mi ò gé e, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Tíṣà ni mí nílé ìwé aládàáni kan ní Kubwa níbí, èmi náà ni wọ́n fi ṣe kánsẹ́lọ̀ torí pé Guidance and Counselling ni mo kà ní yunifásítì. Àwọn ọmọ tí bàbá tàbí ìyá wọn ti kú ń pọ̀ sí i ní kíláàsì wa, bàbá ọ̀kan bá ìjàǹbá mọ́tò lọ lọ́nà Lokoja, ìyá òmíì kú níbi tó ti ń bímọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé láti Borno ni àwọn èèyàn wọn ti sá wá sí Abuja, wọn ò sì bá gbogbo ilé dé ibí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín ni ọmọkùnrin kan ní Primary 4. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wọn kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti ti òbí wọn sí i, nígbà tó dé ibi orúkọ bàbá ó kọ ọ́, ó fi írésà pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́, títí ibẹ̀ fi lu. Tíṣà tó wà níbẹ̀ jágbe mọ́ ọn pé kí ló dé tó ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́. Èmi fà á lọ́wọ́ lọ síta, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ṣáà jókòó tì í.

Nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, àwọn ẹbí gbé òkú lọ sílé, wọn ò mú ọmọ dání, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n fi í sí. Ní báyìí mo gbọ́ pé tí táàmù yìí bá parí, ó ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò ẹ̀ obìnrin á lọ bá ìyá àgbà ní Iléṣà, torí apá ìyá wọn ò ká a mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní London sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn tó ń fi irú iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ ṣe, wọ́n máa ń kọ́ ara wọn, wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ó wù mí gan-an ni. Ṣé mo lè wọ tiwọn láti ibí? Ṣé ìwé ẹ̀rí mi tó? Àbí ká kúkú dá tiwa sílẹ̀? Ọ̀gá mi ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n gbájú mọ́, pé ilé ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ òkú.
Tíṣà Kubwa

ÌDÁHÙN

Tíṣà wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Jíjókòó tí ẹ jókòó tì í yẹn, iṣẹ́ gidi lẹ ṣe, ẹ má rò pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìwé kan wà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbé jáde ní 2011 lórí bí a ṣe ń kọ́kọ́ ran ẹni tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́ lọ́wọ́, nǹkan mẹ́ta ló dá lé: kí èèyàn wò, kó tẹ́tí, kó wá so ẹni yẹn mọ́ ibi tó ti máa rí ìrànwọ́. Ẹ ti wò, ẹ ti tẹ́tí. Ẹ̀kẹta yìí ló ń ṣòro fún ẹni tó bá dá wà, torí kò sẹ́ni tó lè so ọmọ mọ́ ẹni tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Mo ń sọ èyí torí àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́ torí sátífíkéètì tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri pọ̀, ọmọ tó ń sunkún ò sì mọ ohun tó wà lára ògiri.

Ẹgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Childhood Bereavement Network. 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀dọ̀ National Children's Bureau ní London ló fìdí sí, àwọn tó ń bá ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ ní UK ló sì wà fún. Ilé ìwé wọn, òfin wọn, ètò ìlera wọn ni wọ́n ń bá yí. Ohun tí wọ́n bá kọ, ẹ kà á dáadáa, ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe máa bá yín wá kánsẹ́lọ̀ tó máa gba ọmọ yẹn lálejò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní National Alliance for Children's Grief láti 2004, Dougy Center tó wà ní Portland sì ti ṣáájú ìyẹn láti 1982, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tí òbí wọn kú jọ kí wọ́n jọ máa ṣeré, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, kí oníkálùkù rí i pé kì í ṣe òun nìkan. Tí dátà yín bá gbé e, ẹ máa tẹ̀lé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àmọ́ èyí tó sún mọ́ wa ni REPSSI ní Johannesburg, àjọ kan tó ń ran àwọn ọmọ tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ lọ́wọ́ ní Áfíríkà. 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí àrùn éèdì ń pa àwọn òbí ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, tó di pé àwọn ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ ọmọ. Inú iṣẹ́ wọn yẹn ni Ncazelo Ncube, ọmọ Zimbabwe, ti bá David Denborough ará Ọsirélíà ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Tree of Life, ẹ lè ṣe é ní kíláàsì yín tí ẹ bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bébà àti kréyọ̀ọ̀nù ti tó. Ọmọ á ya igi. Ní ibi gbòǹgbò á kọ ibi tó ti wá, ìlú ẹ̀, àwọn tó bí i, àwọn tó tọ́ ọ. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdí igi á kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, lára igi á kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀ka ni ohun tó ń retí, ewé ni àwọn èèyàn tó ṣe pàtàkì sí i, èso ni ohun rere tí wọ́n ti fún un. Ẹni tó ti kú náà lè wà lára ewé, kò sẹ́ni tó máa ní kó pa á rẹ́. Ibi gbòǹgbò yẹn ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ Yorùbá, torí oríkì ẹ̀ lè wọ ibẹ̀, oríkì tí bàbá ẹ̀ máa ń kì í láàárọ̀, kò sì ní láti sọ̀rọ̀ ikú rárá kó tó lè sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á lẹ gbogbo igi mọ́ ara ògiri, á di igbó, wọ́n á wá jọ sọ̀rọ̀ ìjì tó máa ń jà àti ohun tí igi máa ń ṣe tí ìjì bá dé.

Ó wá ku ti ilé wa níbí. Ìwé ẹ̀rí yín tó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Counselling Association of Nigeria, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní CASSON, ti wà láti 1976, irú yín tó ka Guidance and Counselling ló wà fún, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ lé. Àwọn sọ́ṣíà wọ́kà náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ sì jáde ní 2022, ẹ ní láti mọ ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní FCT. Ẹ tún mọ àwọn tó wà ní SOS Children's Villages ní Gwagwalada, àti dókítà ọpọlọ kan ní ọsibítù yunifásítì tó wà ní Gwagwalada náà. Kí ẹ tó nílò wọn ni kí ẹ ti mọ̀ wọ́n o, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ bá ní òun fẹ́ tẹ̀lé bàbá òun lọ ni kí ẹ máa wá nọ́ńbà kiri.

Ṣé ká dá tiwa sílẹ̀, ẹ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kó kéré. Ẹ̀yin, nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù ìjọba ní Kubwa, sọ́ṣíà wọ́kà kan, kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé míì, lẹ́mọ́ọ̀mù kan àti pásítọ̀ kan, torí tí èèyàn bá kú, lẹ́mọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, àwọn ló ń mọ̀ pé ọmọ wà nílé ká tó mọ̀. Ẹ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹnì kan á gbé ọ̀rọ̀ ọmọ kan kalẹ̀ láì dárúkọ, ẹ jọ wò ó. Ẹ tún máa bi ara yín pé báwo ni ìwọ náà, torí àwa tá à ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan nínú wa ti sìnkú òbí ní kékeré, ó máa ń ru sókè. Kò tíì di dandan kí ẹ lọ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ aráàlú ni kí ẹ lọ.

Ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni Ògbómọ̀ṣọ́ àti Iléṣà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwa Yorùbá tá a wà ní Abuja, ilé la ti wá, ilé la máa ń gbé òkú lọ, ojú ọ̀nà Lokoja yẹn ti mọ pósí wa. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, àgbàlagbà á lọ, wọ́n á bọ̀, aṣọ tuntun á ti wà lọ́rùn wọn, ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún ọmọ pé báyìí la ṣe sin bàbá ẹ. Kó tó pẹ́ wọ́n á pín wọn, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, mi ò bú ẹbí kankan, ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ sílé nírú àkókò tá a wà yìí, Ọlọ́run á san án fún un. Àmọ́ ẹ ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn láàárín táàmù kan ṣoṣo: bàbá lọ, ilé lọ, àbúrò lọ, ọ̀rẹ́ lọ, ìlú lọ, tíṣà tó jókòó tì í náà tún lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ́n á rí ọmọ tuntun kan tó ń pa fọ́ọ̀mù rẹ́, wọ́n á ní olórí kunkun ni.

Ibẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ẹ lọ bá ìyá ẹ̀ kí táàmù tó parí, ẹ má lọ bí ẹni tó wá dá a lẹ́jọ́, ẹ bi í bóyá ọ̀nà kankan wà tí àwọn méjèèjì fi lè wà pọ̀, tàbí kí wọ́n máa rí ara wọn, Iléṣà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe òkè òkun, fóònù náà sì wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja níbí, tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun náà ti gbà wọlé, sọ pé ohun tó máa ṣe ọmọ láǹfààní jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ìyẹn fún ẹbí láì halẹ̀ mọ́ wọn. Tó bá jẹ́ pé lílọ náà ni, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìyá, kí ẹ kọ ojú ewé kan fún ilé ìwé tó ń lọ: ohun tó fẹ́ràn, ẹni tó máa ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó máa ń ká a lára, ẹ dárúkọ fọ́ọ̀mù yẹn. Kí ẹ wá bèèrè nínú CASSON pé ta ni wọ́n mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ pè é, kó jẹ́ pé ẹnì kan ń retí ọmọ náà kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà o, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Tí ẹ bá ti wọ ẹgbẹ́, wọ́n á fà yín sí gúrúùpù WhatsApp. Orúkọ ọmọ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, fọ́tò ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, orúkọ ilé ìwé ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ì báà ṣe pé gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù ni dókítà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fún ọmọ ní àṣírí tiẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 náà sì wà, àmọ́ ká má tiẹ̀ fi òfin ṣe é, ọmọ yẹn máa dàgbà, kò yẹ kó bá ẹkún ara ẹ̀ nínú fóònù ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ní ti ọ̀gá yín, ẹ má bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan mẹ́ta péré: kí wọ́n yí fọ́ọ̀mù yẹn padà sí orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́, kí wọ́n máa sọ fún tíṣà kíláàsì tí òbí ọmọ kan bá kú, kí àyè kan sì wà tí ọmọ lè lọ jókòó sí tí ẹkún bá dé. Èyí tó ní ilé ni wọ́n ti ń yanjú ẹ̀ yẹn, ẹ rán an létí Nyanya. Láàárọ̀ April 14, 2014 ni bọ́ǹbù bú ní gáréèjì níbẹ̀, ó pa èèyàn tó ju 70 lọ, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ wọn padà sílé ìwé, ilé ìwé ni wọ́n ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà bá wọn dé ibẹ̀, ilé ìwé fẹ́ tàbí ilé ìwé kọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Kaduna ni mo ń gbé, ìwàásù ọmọdé ni mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹnì kan fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi pé kí n san owó, pé lẹ́yìn ọjọ́ méjì màá di ògbóǹtarìgì lórí ọ̀fọ̀ ọmọdé, pé wọ́n á fún mi ní káàdì ẹgbẹ́ àgbáyé, pé lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n á ti máa gbé ọmọ òrukàn wá bá mi. Ṣé kí n san án?
Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ẹ má san án. Kì í ṣe ti owó nìkan ni mo ń sọ, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lé èèyàn tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ọmọ ò jẹ ẹ́ lógún. Ọmọ tí kò ní bàbá tó máa gbèjà ẹ̀ ni àwọn oníwàkiwà máa ń wá. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe, yóò yọ yín lẹ́nu kó tó gbà yín: yóò bèèrè àwọn tó mọ̀ yín, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ní ẹjọ́ rí, yóò fún yín ní ìlànà ààbò ọmọdé kí ẹ kà á kí ẹ sì fọwọ́ sí i, yóò ní ẹni tó jù yín lọ tí ẹ ó máa jábọ̀ fún, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yin àti ọmọ dá wà ní yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀ tì. Tí wọ́n bá ní àwọn ti forúkọ sílẹ̀, ẹ gba orúkọ yẹn gan-an bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá a lórí wẹ́ẹ̀bù CAC fúnra yín. Abala tó wà fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin CAMA ti 2020, òfin tí CAC ń lò, béèrè pé kí wọ́n ní àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ (trustees) tí orúkọ wọn wà nílẹ̀. Ẹ bèèrè àwọn wo ni.

Ọkàn tí ẹ fi ń ṣe é dáa, Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kó kú. Federal Neuro-Psychiatric Hospital wà ní Kaduna lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn sọ́ṣíà wọ́kà tàbí àwọn sàìkọ́lọ́jíìsì wọn, ẹ sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì yín ní ọmọ tí òbí wọn kú, kí wọ́n wá bá àwọn tíṣà Sunday School yín sọ̀rọ̀. Ẹ tún fa tíṣà ilé kéwú tó wà ládùúgbò mọ́ra, ẹ jọ jókòó síbẹ̀. Ní Kaduna pàápàá, ó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́fọ̀ ní apá méjèèjì mọ ara wọn lójú.

ÌBÉÈRÈ

Àlàáfíà fún yín. Mo wà nínú opó ní Minna. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, a sọ fún un pé bàbá ẹ̀ rìnrìn-àjò. Ó ń ṣeré dáadáa, kò sunkún, àmọ́ alaalẹ́ ló ń bèèrè ìgbà tó ń bọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ìbùsùn. Ilé ìwé ẹ̀ ní àwọn fẹ́ fi í sọ́dọ̀ àwọn kan tó ń ran irú wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á sọ ohun tí kò mọ̀ fún un.
Ìyá Sófíà

ÌDÁHÙN

Ìyá Sófíà, Ọlọ́run á forí jì wọ́n, á sì tù yín nínú. Ẹ̀yin ni kó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, torí ó ń retí mọ́tò tí kò ní dé, tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ míì níta, á rò pé ẹ purọ́ fún òun. Ẹ gbé e jókòó lójú ọ̀sán, kó má jẹ́ àsìkò oorun. Ẹ sọ ọ́ kúkúrú: Bàbá kú. Ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò mí mọ́, wọn ò lè padà wá. Kì í ṣe ohun tí o ṣe tàbí ohun tí o sọ ló pa wọ́n. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ má gbàgbé ẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń rò ó nínú ara wọn láì sọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ẹ lè sọ fún un pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n wà bí ẹ ṣe gbà á gbọ́.

Á tún bèèrè lọ́la, ẹ tún dá a lóhùn bákan náà. Àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún kì í mọ̀ pé ikú ò ní àbọ̀, tí wọ́n bá fi máa tó bí ọdún méje ó ti máa ń yé ọ̀pọ̀ wọn, tiyín wà láàárín. Eré tó ń ṣe kò burú, bí ọmọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, á sunkún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, á tún padà wá. Ìtọ̀ yẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ tó bá lé ní oṣù mẹ́fà tí ìbànújẹ́ yẹn ò jẹ́ kó jẹun, tí kò jẹ́ kó ṣeré, tí kò jẹ́ kó lọ sílé ìwé, tàbí tó bá sọ nígbàkigbà pé òun náà fẹ́ kú, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ní ti àwọn tí ilé ìwé mú wá, ẹ gbà, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ fún un. Ẹ ò ní láti jáde nínú opó kí wọ́n tó lè bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ní kí obìnrin inú wọn wá bá yín nílé, kí ẹ mọ orúkọ ẹ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti bá ọmọ sọ fún un kó lè máa bá a sọ bákan náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni ilé yín kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.